Bátìrì Tí Kò Kú

Ìyá Bọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń fi bọ́ọ̀sì gbé lójoojúmọ́ ló fún un lórúkọ náà. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò gbéra lówùúrọ̀, á fi ọwọ́ gbá a lórí, á ní, "Dìde jàre, ṣé ìwọ nìkan ni oorun ń kùn ni?" Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín.

Kò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Èèyàn méjì péré ló sún mọ́ ọn jù. Ọ̀kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù àti àgbàlá fífẹ̀ lódìkejì ìlú, tí ọmọkùnrin rẹ̀ ń wa tírélà kiri. Èkejì ni Màmá Kékeré, àbúrò ìyá wọn, tó tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ìlú etí òkun tí wọ́n bí wọn sí ni Màmá Kékeré ń gbé, ibẹ̀ sì jìnnà gan-an.

Nígbà tí Ìyá Bọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pawọ́ pọ̀ ra ọkọ̀ kan tí ibùsùn, sítóòfù àti fíríìjì wà nínú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Ilé-Ń-Rìn. Àbúrò á wakọ̀, ẹ̀gbọ́n tí kò mọ ọkọ̀ wà á jókòó tì í, wọn á jọ wọlé tọ Màmá Kékeré lẹ́ẹ̀kan náà. Àdéhùn wọn nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ló rán kọ́tìnnì ojú fèrèsé, orin ló sì ń kọ títí tó fi rán an tán.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbéra ni orúnkún Ìyá Bọ́ọ̀sì daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, àti pé kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ni wọ́n bá gbé Ilé-Ń-Rìn sábẹ́ òrùlé páànù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n. Ìyá Bọ́ọ̀sì fi ọ̀pá tilẹ̀ débẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó dáadáa. Bátìrì yìí ló ń jí ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ tiẹ̀ ń sùn, aago àti aláàmù rẹ̀ ń fa iná díẹ̀díẹ̀ lára ẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ tó gbẹ, ó kú nìyẹn, ẹkún ò lè jí i. Ṣájà kékeré kan wà nínú àpò tí mo kó wá yẹn. Ẹ máa fi sí i látìgbàdégbà. Bí iná pupa bá di àwọ̀ ewé, ó ti yó."

"Ṣé mi ò kàn lè máa tan ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni?"

"Ẹ má dán an wò! Iná tí ẹ fi jí i á pọ̀ ju èyí tó máa rí gbà padà lọ. Àfi kó rin ọ̀nà jíjìn kó tó lè yó."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó ti yé mi, tíṣà. Màá máa bọ́ ọ bí ọmọ tuntun."

Ohun tó sì ń sọ lórí fóònù nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí àbúrò rẹ̀ wà lórí ibùsùn, tó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí: "Bátìrì rẹ ti yó o. Iná ti di àwọ̀ ewé." Ara á sì tu Ìyá Bọ́ọ̀sì.

Ibẹ̀ ló wà tí ìròyìn ikú Màmá Kékeré fi dé. Ẹ̀gbọ́n sáré wá, ó dì mọ́ ọn, ó ń ké pé, "A ò rí i! Àwa méjèèjì ò rí i mọ́!" Wọ́n jọ sunkún títí ohùn àwọn méjèèjì fi há. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò ní lọ síbi ìsìnkú, pé òun ò lè fi àbúrò òun nìkan sílẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ wá tún pọ̀ sí i lọ́kàn Ìyá Bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí orúnkún san, Ìyá Bọ́ọ̀sì ń wá bàtà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ni ọwọ́ rẹ̀ bá ba páálí kan. Ṣájà ni. Wọn ò tíì já ọ̀rá ara rẹ̀. Àṣé kò kó o sínú àpò lọ́jọ́ náà.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí wá ni ẹ̀gbọ́n òun fi ń bọ́ bátìrì?

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ojú ló ń ti ẹ̀gbọ́n láti sọ pé òun ò rí ṣájà. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bátìrì ti kú nìyẹn, kò sì burú, òun á lọ wò ó bóyá ẹ̀mí ṣì kù lára ẹ̀. Ó mú ṣájà àti mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ àgbàlá láì sọ fún ẹnikẹ́ni, kó má baà dójú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó fi mítà kan bátìrì. Ó kún. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó yí i, ẹ́ńjìnnì sì jí lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí kò sùn rí. Inú rẹ̀ dùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ tutù. Bí kò bá ti sí ṣájà, ọ̀nà jíjìn nìkan ló lè bọ́ bátìrì yó báyìí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tó ìjánu. Wọ́n ti ti ìjókòó sẹ́yìn fún ẹni gíga, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa tírélà ló sì ga tó bẹ́ẹ̀. Ó wọ inú yàrá lẹ́yìn. Yanrìn funfun wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Nínú dúrọ́ọ̀ ìdí ibùsùn, ó rí ìborùn kan tí wọ́n ká dáadáa. Ó gbé e sí imú. Òórùn Màmá Kékeré ṣì wà lára ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ dídún ọkọ̀, ó jáde wá, téèpù ìwọ̀n lọ́rùn, abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu. "Ìwọ nìyẹn? O ò sọ pé ò ń bọ̀!"

Ìyá Bọ́ọ̀sì na ìborùn náà sí i. "Ìgbà wo lẹ lọ?"

Ẹ̀gbọ́n yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ó fi wọ́n gún apá aṣọ rẹ̀. "Ìgbà tí o wà ní ọsibítù. Ọmọ mi ló wà á, òun ló sì ń gbé e rìn ọ̀nà jíjìn látìgbà náà kí bátìrì má baà kú."

"Ṣé ó béèrè mi?"

"Kó tó kí mi tán ló ti béèrè rẹ."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kó o ráyè."

"Iṣẹ́ kẹ̀! Èmi tí wọ́n ń la orúnkún mi lọ́wọ́?"

Ẹ̀gbọ́n gbójú sílẹ̀. "Láti kékeré, ìwọ ló ń gbé pọ̀n, èmi ló ń rán níṣẹ́. Mo kàn fẹ́ kó wo èmi nìkan lójú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fẹ́ sọ fún ọ. Nígbà tó wá kú, ẹnu mi wúwo."

"Ẹnu yín ò wúwo lọ́jọ́ tí ẹ dì mọ́ mi, tí ẹ ń ké pé a ò rí i."

Ó wu Ìyá Bọ́ọ̀sì kó pè é ní "ìwọ" lọ́jọ́ náà, kó fi bú u, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Ìyẹn tún dùn ún ju ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ kúnlẹ̀, ó tètè dì í lápá mú. "Ẹ dìde. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi." Kì í ṣe pé ó ti dárí jì í. Kò kàn lè fi ìyẹn kún ohun tó ti ń fara dà ni.

Ó fa ìjókòó síwájú, ó wa Ilé-Ń-Rìn jáde. Oníbàárà tí wọ́n ń wọn lọ́wọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó lanu sílẹ̀.

Òun nìkan ló lọ sétí òkun. Aládùúgbò kan mú un dé ibojì, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. "Orúnkún ni o, Màmá," ló ń sọ léraléra. "Kì í ṣe iṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ṣì ń pè é lórí fóònù, Ìyá Bọ́ọ̀sì sì máa ń gbé e. Ẹ̀gbọ́n á béèrè ara rẹ̀, á béèrè ọkọ̀, á béèrè ìgbà tó máa yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Bọ́ọ̀sì kì í pè é ní "ẹ̀gbọ́n mi" mọ́. Bó ṣe máa ń dá àwọn òbí ọmọ iléèwé lóhùn nígbà iṣẹ́ ló ń dá a lóhùn báyìí: "Mo wà dáadáa, mà. Ẹ ṣé, mà."