Ọjọ́ tí Katakata Àbúrò Mi Rì ní Máhìntẹ̀dó

Ọjọ́ tí Olúwọlé àbúrò mi gbé katakata, ẹ̀rọ tí ń wó igbó, wọ Máhìntẹ̀dó, ìlú wa létí omi, nígbà ìjọba òyìnbó, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Láti kékeré ni mo ti ń fi àdá ṣán igbó ilẹ̀ bàbá wa, ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún mi rí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n so ọkọ̀ ojú omi méjì pọ̀, tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ kékeré náà dé, gbogbo ìlú tú jáde. Bàbá ní, "Ẹ wá wo ọmọ mi." Mo jowú gan-an.

Olúwọlé fi katakata wó igbó títí ó fi sún mọ́ etí omi. Mo ní, "Olúwọlé, jẹ́ ká kọ́kọ́ to igi sílẹ̀, ẹrẹ̀ ni ibẹ̀ yẹn." Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Lójijì imú ẹ̀rọ náà rì. Olúwọlé fò bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ sì mù ún dé àyà. Àwọn ará ìlú fà á yọ, ó ń sunkún. Wọ́n wá ń fi ọ̀pá ìtukọ̀ ti katakata bí ẹni tí ń ti ọkọ̀ ojú omi tó há, títí gbogbo ọ̀pá fi ṣẹ́. Inú mi dùn.

Bàbá gba àdá lọ́wọ́ mi, ó fún Olúwọlé pé kó fi ṣán ìyókù. Ó ṣán an díẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé? Títí dòní, àdá Olúwọlé ni gbogbo ilé ń pe àdá mi.