Ojú Ìyáálé, Ojú Ìyàwó

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí yàrá Ìyá Àgbà, ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrunká. Gbogbo ohun tó bá ṣe iyebíye lójú rẹ̀ ló ń tò sínú àpótí onírin kan lábẹ́ ibùsùn, á sì da káńfọ̀ lé e lórí: aṣọ òfì tó fi ṣègbéyàwó, fọ́tò bàbá àgbà wa tó ti di olóògbé, àti nígbà tó yá, káàdì adójútòfò ìlera tó ń jẹ́ kó gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Títí dòní, ọ̀rẹ́ mi, bí òórùn káńfọ̀ bá ta sí mi nímú níbikíbi, káàdì yẹn ni mo máa ń rántí. Ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa mí kí ojú tó tì mí.

Ìyàwó méjì ni bàbá àgbà fi sáyé lọ. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, ni ìyáálé. Ìyá Kékeré ni ìyàwó. Má rò pé orogún oníjà ni wọ́n o. Orí ẹní kan náà ni wọ́n ń jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Ọjà'ba, abọ́ kan náà ni wọ́n sì ń tọwọ́ bọ̀. Orúkọ mùsùlùmí kan náà ni wọ́n tún ń jẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn mọ́. Lọ́jọ́ tí Ìyá Kékeré wọlé ọkọ, àwọn àgbà ilé sọ pé orúkọ ìyáálé kò ṣe é máa pè mọ́ ìyàwó lórí, ni gbogbo ilé bá ń pè é ní Ìyàwó. Àwa ọmọ-ọmọ ló sọ ọ́ di Ìyá Kékeré. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an wà níbì kan bí aṣọ tí èèyàn ò wọ̀ mọ́.

Nígbà tí àwọn elétò adójútòfò wá forúkọ àwọn ará agbo ilé sílẹ̀, iwájú mọ́ṣáláṣí kékeré ilé wa ni wọ́n gbé tábìlì sí. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Òkè Bọ́lá, nítorí náà èmi ni mo ń bá àwọn àgbà kọ fọ́ọ̀mù. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, mo ń fẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bi Ìyá Àgbà léèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó ní ọdún tí eṣú jẹ àgbàdo tán ni wọ́n bí òun. Ìyá Kékeré ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí tòun, tàbí kó jẹ́ ọdún yẹn gan-an. Mo kọ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní fún àwọn méjèèjì, mo sì fi ọdún kan náà sí i. Nígbà tó kan nọ́ńbà fóònù, ti Ìyá Àgbà ti bàjẹ́, Ìyá Kékeré ò ní rárá, ni mo bá kọ tèmi. Kódà, mo kọ tèmi fún àwọn tó ní fóònù ṣùgbọ́n tí wọn ò lè ka ohun tó bá wọlé sórí rẹ̀. Orúkọ kan, ilé kan, ọjọ́ ìbí kan, nọ́ńbà kan. Mi ò mọ̀ pé mo ti fi ọwọ́ ara mi sọ ìyá méjì di ẹnì kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà.

Ojú àwọn méjèèjì ti ń ṣú nígbà yẹn. Àwọ̀ funfun ti bo ẹyinjú wọn, ìlẹ̀kẹ̀ pupa sì ti ń já sáàárín èyí tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ ewé látòkèdélẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún wa pé iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa mú un kúrò, pé káàdì yẹn á gbé ìnáwó rẹ̀. Ìyá Àgbà ní ojú òun kì í ṣe iṣu tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ bẹ. Bí wọ́n bá sì bi Ìyá Kékeré, á ní, "Ìyáálé mi ò tíì ṣe é, kí lèmi fẹ́ lọ ṣe?" Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ìyáálé ló ń kọ́kọ́ bu ọbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ lọ sí Mẹ́kà, ìyàwó kì í ṣíwájú rẹ̀ débì kankan.

Kò pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìwòsàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ orí fóònù mi. Bí mo bá dé agbo ilé lọ́jọ́ Sátidé, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń pariwo: "Bàbá, wọ́n ní kí ẹ wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín o!" Mo sọ ti ìtọ̀ ṣúgà àbúrò bàbá mi kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́. Ilé á rẹ́rìn-ín, èmi á máa rò pé oore ni mò ń ṣe. Lẹ́yìn Iléyá ọdún yẹn, ọ̀kan wọlé tó ní iṣẹ́ abẹ ojú Ìyá Àgbà ti yọrí sí rere. Ìyá Àgbà kẹ̀? Ẹni tó ń sá fún abẹ́rẹ́! Mo ní kọ̀ǹpútà wọn ti mu ẹmu yó, mo pa á rẹ́, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn Iléyá, Ìyá Àgbà dédé sọ fún mi pé, "Mú mi lọ síbi ojú yẹn." Ẹnu yà mí, àmọ́ mi ò bi í ní ìdí, kó má baà yí ọkàn padà. Dókítà ojú tó máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí ilé ìwòsàn náà máa lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, kò sì ní padà títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ. Akọ̀wé tó gba káàdì fi imú kàn án, ó sín lẹ́ẹ̀mejì. "Màmá, ṣé eku ń jẹ káàdì nílé yín ni?" Gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín, Ìyá Àgbà náà rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé wá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ká ojú kò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè kí gbogbo ibẹ̀ máa gbọ́: wọ́n ti ṣe ojú Màmá, ojú méjèèjì, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé Iléyá.

"Ẹ wo ojú wọn," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Ó ṣì funfun báláú."

Ó wò ó lóòótọ́. Ó ní, "Mo rí i, àǹtí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni mo máa tẹ̀ lé. Àwọn kan máa ń yá káàdì ara wọn lò." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Ó fi kún un pé bí ẹlòmíì bá wà tó ń jẹ́ orúkọ yìí, kí onítọ̀hún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá tẹ̀ka, kí wọ́n lè ya ìwé wọn sọ́tọ̀. "Màmá, ṣé ẹ mọ ẹnì kankan nílé tó ń jẹ́ orúkọ yín?" Ìyá Àgbà kọjú sí ọ̀nà fèrèsé tí kò lè ríta níbẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," ló sọ, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A ti dé Ìdí Àrẹrẹ kí orúkọ náà tó sọ sí mi lọ́kàn, àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo pa rẹ́ sì tẹ̀ lé e. Mo rántí pé lẹ́yìn Iléyá, Ìyá Kékeré ní òun ń lọ kí ọmọ òun ní Ìsẹ́yìn, pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló lò lọ́hùn-ún, àti pé awò dúdú ló wà lójú rẹ̀ nígbà tó dé. Eruku ọ̀nà ló ní ó kó sí òun lójú.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a, ó gbé atẹ ẹ̀wà lé ẹsẹ̀. Ó gbójú sókè bí ẹni tí kò rí nǹkan, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mú òkúta kan tí kò tó eyín eku, ó jù ú nù. Mo kúnlẹ̀ tì í. "Ìyá Kékeré, ẹ ti ṣe ojú."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ta ló sọ fún ẹ?" Mo ṣàlàyé. Ó ní òun ò lè dúró mọ́ ni. Ó kù díẹ̀ kí òun tẹ ọmọ-ọmọ òun mọ́lẹ̀ lórí ẹní lọ́jọ́ kan, òun kò sì sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, kí n sin ín lọ. Ó fọwọ́ pa mí lórí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ó ní, "Ẹnu ẹ ni mo bẹ̀rù, ọmọ mi." Kò sọ ọ́ tìbínútìbínú rárá, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí jù. Mo rántí gbogbo Sátidé tí mo fi ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

Mo sọ fún un pé títí ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni Ìyá Àgbà ní, pé láìsí ìka rẹ̀, dókítà á lọ. Mo sì búra pé kò ní ti ẹnu mi jáde. Ó gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀, ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí, mi ò ṣíwájú ìyáálé mi rí. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni. Á ní mo fi òun sílẹ̀ nínú òkùnkùn." Omi ń dà lójú tuntun náà. Lẹ́yìn náà, ó fi etí ìró nu ojú, ó sì gbọn èèpo ẹ̀wà kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Màá tẹ̀ lé yín lọ. Bí mo bá tẹ́ nítorí ojú ìyáálé mi, kí n tẹ́."

Nínú takisí Máíkírà lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo wà láàárín wọn. Bí a ṣe ń kọjá ní Mápó, Ìyá Kékeré kọjú sí Ìyá Àgbà. "Ìyáálé mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ẹ̀wà ni," Ìyá Àgbà dáhùn.

Àwa méjèèjì wo ara wa.

"Tẹ́lẹ̀, kò sọ́jọ́ kan tí mi kì í jẹ òkúta nínú ẹ̀wà ẹ. Láti ìgbà tóo ti Ìsẹ́yìn dé, eyín mi ò kan ẹyọ kan. Ṣé ẹni tí ò ríran ló ń ṣa ẹ̀wà mọ́ báyẹn?" Ẹ̀rín ti gba ẹnu awakọ̀. "Mo kàn ń ṣọ́ ẹ ni, bóyá ojú náà á fọ́. Ìgbà tí kò fọ́ ni mo sọ fún ọmọ yìí pé kó mú mi lọ. O ti bá mi tọ́ ọ wò, Ìyàwó. O ṣeun."

Ìyá Kékeré ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yé mi síbẹ̀. "Màmá, bí ẹ bá ti mọ̀, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún akọ̀wé lánàá? Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pè wá lólè!"

"Ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ni," Ìyá Àgbà ní. "Ó fi bò fún mi, èmi wá fẹ́ tú u síta lójú àwọn tí mi ò mọ̀ rí?"

Ìyá àgbàlagbà tí kò mọ A yàtọ̀ sí B yàn láti gbé òkùnkùn rẹ̀ padà sílé ju kó sọ àṣírí orogún rẹ̀ níta lọ. Èmi tí mo kàwé, tí wọ́n ń pè ní olùkọ́, mo ti fi àìsàn gbogbo ilé ṣe ẹ̀rín.

Nílé ìwòsàn, àwọn méjèèjì tẹ̀ka, ìwé kan di méjì. Mo jẹ́wọ́ fún akọ̀wé pé èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun náà sì rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tó ń tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Láàárọ̀ Jímọ̀, nọ́ọ̀sì ṣí ojú Ìyá Àgbà. Ó kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wo Ìyá Kékeré títí.

"Ìyàwó! Àṣé o ti hewú tó báyìí."

"Ẹ̀yin náà, ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ dé ìdí jígí," Ìyá Kékeré fèsì, àwọn méjèèjì sì di ara wọn mú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi, orúkọ Ìyá Àgbà ló wà níbẹ̀. Mi ò ṣí i. Mo gbé e lọ bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí òun àti Ìyá Kékeré ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé, ṣé kí n kà á? Mo ti la ẹnu, bí ìṣe mi, kó tó fa etí rẹ̀ sún mọ́ mi. "Síbí," ló wí. Mo kúnlẹ̀, mo sì kà á sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá Kékeré, tí ojú rẹ̀ ń rí gbogbo nǹkan kedere, rọra yíjú sí abọ́ ìlẹ̀kẹ̀ títí a fi parí.

Púpọ̀ nínú àwọn àgbà ilé ló ti ní nọ́ńbà tiwọn lórí káàdì báyìí, ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ̀wé ṣì máa ń gbé fóònù wọn wá bá mi. Bí mo bá dé lọ́jọ́ Sátidé, jẹ́jẹ́ ni mo ń wọlé. Wọ́n á nawọ́ fóònù sí mi, wọn ò ní sọ nǹkan kan, èmi á sì kúnlẹ̀, màá wá etí ẹni tó ni ín.