Ohùn Bàbá Mi Nínú Ẹ̀rọ Kékeré

Èmi ni mo tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ó lé ní oṣù kan tí mo fi ń pariwo kiri pé ẹlòmíràn ló bà á jẹ́. Káfè kan ní Mowé ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, èmi àti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo ra ní àlòkù. Kọ̀ǹpútà bi mí pé ètò tuntun ti dé fún ohun tí mo fi ń gbọ́ orin, ṣé kí òun gbé e wọlé? N kò kà á dópin. Àwọn tó jókòó tì mí ń wò mí, mo sì ń ṣe fáàrí. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá mi ti di olóògbé ní ọdún tó ṣáájú. Kí wọ́n tó lọ, àbúrò mi tó wà nílùú òyìnbó máa ń pè wọ́n lórí fóònù, á ní kí wọ́n sọ̀tàn: bí wọ́n ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé kòkó wọ Ìfọ̀, bí wọ́n ṣe fẹ́ ìyá wa tí àwọn àna kọ́kọ́ lé wọn síta. Ó ń gbà á sílẹ̀, ó ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn Yorùbá tó wà lókè òkun. Pọ́díkáàsì ló pè é. Bàbá mi ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, “rédíò ọmọ mi” ni tiwọn. Mẹ́jọ ni wọ́n ṣe kí àìsàn tó gbé wọn dè. Ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní kí gbogbo wa tẹ́ ọwọ́, wọ́n á sì ṣàdúà fún wa.

Lẹ́yìn ikú wọn, ibi tí àbúrò mi ń gbé e sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kógbá wọlé. Wọ́n tún wá jí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ gbé. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi nìkan ló kù láyé, nínú kọ̀ǹpútà mi àti nínú ẹ̀rọ kékeré kan tí mo fi ń gbọ́ orin, tí kò ju páálí ìṣáná lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń gbé e lọ fún ìyá mi ní Ìfọ̀, pẹ̀lú sípíkà kékeré. Màámi á ti wẹ̀, wọ́n á ti wọ aṣọ tó dáa, wọ́n á jókòó sórí ẹní. Bí mo bá fẹ́ pa á láàárín kan kí n lè jẹun, wọ́n á ní, “Ta ló fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ bàbá yín lẹ́nu?” Ó gbọ́dọ̀ parí. Tí àdúà bá sì dé, wọ́n á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọ́n á máa ṣe àmín, wọ́n á wá fi ọwọ́ pa ojú.

Ọ̀sẹ̀ tí mo gbé ètò tuntun yẹn wọlé, a gbọ́ méjì, kò sí wàhálà. Mo padà sí Mowé, mo so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà kí iná lè wọ bátìrì rẹ̀, torí ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń gbà gbaná nìyẹn. Nígbà tí mo tún dé Ìfọ̀, mo wá àwọn méjì yẹn tì. Mo ní bóyá n kò wò ó dáadáa. A gbọ́ méjì mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn náà ti lọ. Nínú kọ̀ǹpútà náà, n kò rí wọn.

Ojú mi rí màbo. Mo pa á, mo tàn án. Mo yọ ètò yẹn kúrò, àwọn tó kù nínú kọ̀ǹpútà bá a lọ, mo tún gbé e padà. Mo pààrọ̀ wáyà, mo fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀. Mo lọ bá oníkáfè jà pé kòkòrò inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló kó ràn mí. Mo bi ìyàwó mi bóyá ó fọwọ́ kàn án. Ó ní, “Dádì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kẹ́nikẹ́ni má sún mọ́ ọn,” ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Orí mi gbóná débi pé n kò jẹ nínú ẹ̀wà náà.

Ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń gbọ́ láti ìgbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń lọ. Nígbà tó ku ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ, mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìbàfò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta táyà. Ó wò ó títí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ọ dópin?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Òun nìyẹn. Ètò tuntun yìí, èyí tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ dópin, ó gbà pé ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà báyìí, á pa á rẹ́. Àwọn tó máa ń pa á kó tó parí, tiwọn wà níbẹ̀.”

Ìtẹríba wa ló ń pa bàbá wa rẹ́.

Ó ní òun mọ ibi tí òun ti lè rí ohun tá a fi máa yọ ẹyọ kan tó kù jáde, pé kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. “Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dópin o. Tó bá ti dópin, bí mo bá ṣe ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà báyìí ló máa lọ.”

Ǹ bá fi ẹ̀rọ náà sílé lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ara ìyá mi kò yá lọ́sẹ̀ yẹn, ibà ti dá wọn dùbúlẹ̀. Wọn kò wọ aṣọ tó dáa. Bí mo ṣe wọlé tí mo dọ̀bálẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni pé, “Bàbá yín ńkọ́?” Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní n kò mú wọn wá? Mo tàn án. Fóònù tọ́ọ̀ṣì tó wà lápò mi kò lè gba ohùn sílẹ̀. Mo ti mọ̀ pé àdúà ni ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn. Mo fi àtàǹpàkò sórí bọ́tìnnì.

Bàbá mi ní, “Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín.” Ìyá mi tẹ́ ọwọ́. Mo pa á.

Wọ́n wò mí. “Wọn ò tíì ṣàdúà.”

Mo purọ́ pé bátìrì ni. Wọn kò gbé ọwọ́ wọn wálẹ̀. Wọ́n ní àwọn á dúró kó gbaná. N kò lè rí i bẹ́ẹ̀, ni mo bá kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: èmi ni mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ẹyọ kan ló kù, tá a bá gbọ́ àdúà yìí tán, a ò ní gbọ́ ohùn bàbá wa mọ́ láé. Mo bẹ̀ wọ́n, omijé ń dà lójú mi, pé kí wọ́n ní sùúrù di ọjọ́ Ẹtì péré.

Ìyá mi ní, “Ṣé bí bàbá yín ṣe máa wà nínú ẹ̀rọ rẹ nìyẹn, tí wọ́n ní ká tẹ́ ọwọ́, tí ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn?”

Mo fi apá aṣọ nu ojú.

“Tàn án, ọmọ mi.”

Mo tàn án. Bàbá mi ṣàdúà fún ìyá mi, pé Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Wọ́n ṣe é fún àbúrò mi. Wọ́n pè mí ní àkọ́bí àwọn, wọ́n ní n kò ní rìn nínú òfò. Ìyá mi ń ṣe àmín, èmi náà ń ṣe é, títí ohùn náà fi tán. A fi ọwọ́ pa ojú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ṣì lọ sí Ìbàfò, bóyá Ọlọ́run á ṣàánú. Ọkùnrin náà so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó tún wojú mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló jẹ́ kó parí?”

Mo ní èmi ni.