Fà-á-yọ àti Àwòrán Tíṣà

Fà-á-yọ là ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, nítorí ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ nìyẹn: "Ẹ fà á yọ lára iná!" Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, èmi ni mo ń bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Olórí kunkun ni. Kì í wá fáìlì kankan láì kọ́kọ́ da gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì oníbàárà kọ sórí òmíràn, kódà bó gba odidi ọ̀sán. Tí mo bá ń kùn, á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, tíṣà kan gbé kọ̀ǹpútà Linux rẹ̀ wọlé. Ojú rẹ̀ kan wú. Àwòrán mẹ́rìndínlógún ló ti yà, gbogbo ibi tí ọkọ rẹ̀ ti lù ú, ọjọ́ Ajé sì ni kóòtù. Ó fẹ́ pa ọ̀kan tó ṣókùnkùn rẹ́, ló bá ṣèèṣì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

"Bọ̀dá, ṣé wọ́n ti lọ nìyẹn?"

"Wọn ò tíì lọ, mà. Kọ̀ǹpútà kàn ka ààyè wọn sí òfìfo ni. Ohun tó bá jókòó síbẹ̀ ló máa pa wọ́n. Ṣé ẹ ti gbé nǹkan kan sórí ẹ̀?"

"Rárá o. Mo ti fà á yọ, bí ẹ ṣe sọ lórí fóònù."

Nírọ̀lẹ́, tíṣà ṣì ń dúró lọ́dọ̀ wa, àdàkọ díìsìkì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, mo fi díìsìkì kejì sínú àpò mi, ni ọkọ tíṣà já ilẹ̀kùn wọlé tòun ti irin. Ó gbá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ bò ó láyà. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ bo kọ̀ǹpútà náà. Mo gbọ́ bí egungun ìka rẹ̀ ṣe ń fọ́. Mo fi àga la ọkùnrin náà lẹ́yìn, kò tilẹ̀ wò mí. Ó ń fọ́ kọ̀ǹpútà náà lọ títí irin fi tẹ̀. Olóríburúkú ni, mi ò ní fi bò.

"Lọ fìyẹn han adájọ́," ó wí fún ìyàwó rẹ̀, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo so díìsìkì inú àpò mi mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn; ẹ̀gbọ́n mi jókòó tòun ti ọwọ́ tí wọ́n dì, ó ń sọ ohun tí màá tẹ̀, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Ojú yọ, ọrùn yọ, ẹ̀yìn yọ. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́rìndínlógún, mo bú sẹ́kún.

"Ẹkún tó. Gbé fóònù ẹ wá," ó wí, ó sì ń tú ìdì ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, àwòrán mẹ́tàdínlógún ni adájọ́ wò.