Aṣọ́lé Tó Ń Di Òpó Mú

Nígbà tí aṣọ́lé wọn, ìyẹn kípà, di òpó gólì mú lẹ́ẹ̀kẹta, mo dẹ́kun kíkọ ìròyìn mi.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Woolwich, nílùú Òyìnbó níbí, ló gbà mí pé kí n máa lọ wo àwọn tí wọ́n fẹ́ bá gbá bọ́ọ̀lù, kí n wá sọ ibi tí wọ́n ti lágbára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ọjọ́ tí mo bá sinmi nínú iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo fi ń ka àṣìṣe wọn: bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lápá òsì, òkúta kan á kúrò nínú àpò ọ̀tún mi bọ́ sí tòsì. Ìyá kan bi mí rí bóyá àdúrà ni mò ń gbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n má baà ṣàlàyé.

Délé, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. "Uncle," ó ní, "semi-final nìyẹn o. Ihò kan péré ni kí ẹ bá mi wá. Just one."

Mo rí i, ní pápá kan tí kò jìnnà sí Thamesmead Moorings. Eré kò tíì pẹ́ tí orúnkún ẹnì kan fi gbá aṣọ́lé wọn lórí. Ó dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, kò rí bọ́ọ̀lù kankan tó gba òkè wá lápá òsì rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá sì ti jìnnà, á di òpó mú bí ẹni tó wà lórí ọkọ̀ ojú omi.

Bí mo bá kọ ọ́, àwọn ọmọ wa á máa já lù ú lápá òsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èmi náà ti di òpó mú bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo ń ṣọ́lé l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n gbá mi lórí, mo fi ìrora náà pamọ́ kí wọ́n má baà yọ mí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tún gbá mi lórí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n kò fi mọ ìyá mi. Títí dòní, etí òsì mi kò gbọ́ran, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sápá ibẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Ìsinmi àárín eré dé. Wọ́n lè pè mí ní amí. Délé lè lé mi. Síbẹ̀ mo lọ bá obìnrin tó gbé àpò ìtọ́jú wọn lọ́wọ́. Mo ti gbọ́ tó ń sọ Yorùbá lórí fóònù.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ aṣọ́lé yín. Òòyì ń kọ́ ọ."

"Ta ni yín, sir?"

"Àwa lẹ máa bá gbá ní Wednesday."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ fẹ́ ká yọ kípà wa kí ẹ lè nà wá."

"Ẹ kàn bi í pé mélòó sí mélòó."

Ó bi í. Ọmọ náà wo pápá títí, ó ní ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni. Auntie fúnra rẹ̀ ló bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

"Uncle, ihò dà?" Délé bi mí lórí fóònù.

"Ó wà. Mo ti dí i." Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Uncle, ẹ ti pa mí."

Ní Wednesday, aṣọ́lé tuntun wọn mú gbogbo ohun tí a gbá sí i. Wọ́n fi gólì kan ṣáájú wa. Lórí bẹ́ǹṣì, kò sẹ́ni tó jókòó tì mí, àní lápá ọ̀tún. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí nígbà tí ẹni tó ń jẹ gólì fún wa jù lọ fi orí kọ orí ẹlòmíràn. Ó dìde, ó ní kò sí nǹkan kan.

Délé kò wo ọmọ náà. Èmi ló wò.

"Uncle?"

Mo mi orí pé rárá. Délé gbé ọwọ́ sókè, ó yọ ọ́.