Ọkọ̀ Onígbòkun Tí Wọ́n Ní Èmi Ni Mo Yàn

Ní Ṣàgámù títí dòní, bí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ọkọ mi, wọn yóò sọ fún yín pé èmi ni mo yàn án fún un. Irọ́ ni. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ru irọ́ náà kiri, ó sì ti sú mi.

Olùkọ́ yunifásítì ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó ń kàwé lókè òkun lọ́jọ́ èwe rẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìgbòkun wa ọkọ̀ lórí adágún omi kan, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó fẹ̀yìn tì gan-an ló sọ fún mi pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ onígbòkun kan, irú èyí tí ènìyàn lè sùn sí, kí àwa méjèèjì máa gba orí ọ̀sà lọ sí Àgbádárìgì. "Àwa méjèèjì" yẹn ló mú mi. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nílé rẹ̀, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, àfi bí a bá fẹ́ lọ síbi òkú.

Ọmọ etí ọ̀sà ni mí. Bàbá mi ń fi ọkọ̀ kó èrò àti ẹrù sọdá, ìgbòkun tí ìyá mi fi àpò ìyẹ̀fun rán ló sì fi ń wà á. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí yanrìn ti sún mọ́ òkè.

Ọkọ̀ méjì ni wọ́n ń tà létí ọ̀sà lọ́nà Ìkòròdú. A lọ wò wọ́n láàárọ̀ Sátidé kan. Àkọ́kọ́ funfun, ó gùn, ó ń dán. Inú rẹ̀ dà bíi pálọ̀ olówó: bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, sítóòfù onígáàsì, tábìlì tí wọ́n fi fáníìṣì kùn. Òyìnbó tó ni ín ti padà sílùú rẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun ló ń bá a tà á. Èkejì kéré, àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ti ṣá. Bẹ́ẹ̀dì méjì péré ló ní, wọ́n ti lẹ ìgbòkun rẹ̀ níbi mẹ́ta, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọnú rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló ni ín. Òun fúnra rẹ̀ ló mú wa yí i ká.

Ọkọ mi jókòó sínú funfun, ó ń fọwọ́ pa tábìlì. Èmi ṣí pákó ilẹ̀ àwọn ọkọ̀ méjèèjì, mo fa okùn wọn wò, mo sì béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á: báwo ni ìdí rẹ̀ ṣe wọ omi tó? Funfun ní irin wíwúwo kan bíi lẹbẹ ẹja lábẹ́ rẹ̀, ó gùn ju bí ọkọ mi ṣe ga lọ. Ti kékeré ṣeé fà sókè bí a bá dé ibi tí omi ò jìn. Mo bá ní kí apẹja kan fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi síwájú díẹ̀, mo ti ọ̀pá oparun bọ omi níbi mẹ́rin. Ibi tí àwọn awayanrìn ti gbẹ́ ilẹ̀ nìkan ló jìn. Níbi mẹ́ta yòókù, omi ò mu mí kọjá àyà.

Mo padà wá, mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ọkọ̀ òkun ni funfun yìí. Kò lè rìn lórí ọ̀sà wa. Ẹ jẹ́ ká mú kékeré."

Ó wo oníbàtà funfun, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn. Ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń kó gàrí ló ṣì ń rò."

Ọkùnrin náà bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó wolẹ̀, bíi pé òun ni wọ́n bú.

Ọkọ mi ra funfun.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, ó pe méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì. Mo se mọ́ínmọ́ín, mo gbé e dání. Afẹ́fẹ́ dára, ìgbòkun kún, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìdí ọkọ̀ fi wọ yanrìn, ó dúró gbọnin, ó sì fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ pẹ̀lú gbogbo wa nínú rẹ̀. Àwọn apẹja ló wá fi okùn fà wá, wọ́n ń bi ara wọn ta ló gbé irú ọkọ̀ yìí wá síbí.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wa ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò wádìí kí ẹ tó rà á ni?"

Ọkọ mi ò wo ojú mi. "Ìyàwó mi ló yàn án," ó ní. "Ọmọ etí omi ni, mo gbà á gbọ́."

Abọ́ mọ́ínmọ́ín wà lórí itan mi. Mo ń pín in fún wọn. Wọ́n kọ́ mi nílé wa pé obìnrin kì í já ọkọ rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò.

Irọ́ tí mi ò já nígbà náà ló wá di òótọ́. Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ pé jọ ní agboolé wọn ní Ẹ̀pẹ́, àdúgbò Ṣàgámù níbí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bi mí lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ìyàwó wa, ìwọ tó o mọ omi, kí ló dé tó o ṣi àbúrò mi lọ́nà?" Mo wo ọkọ mi. Obì ló ń là.

Nígbà tí a délé, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́.

"Kí ló bà jẹ́ lára rẹ?" ó ní. "Èmi làwọn ènìyàn mọ̀ sí ọ̀mọ̀wé. Wọn ò retí nǹkan kan lọ́dọ̀ rẹ."

Kò bínú sọ ọ́ rárá. Bí ẹni ń ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe sọ ọ́.

Ọkọ̀ náà wà níbi tí wọ́n so ó mọ́ títí ara rẹ̀ fi hu èéhù. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló padà kó o lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, àwọn ọmọ sì rí ilé ìwòsàn méjì tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ ojú náà fún un. Ó pè mí jókòó, ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì fún mi, ó ní, "Èwo lo rò pé ó dára jù?"

Mo ní èrò. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti lọ sí méjèèjì.

"Èyí tó bá wù yín," mo dá a lóhùn, mo sì dìde lọ gbé omi kaná.