Nígbà Tí Mo Kó Sátífíkéètì Gbogbo Wa Sínú Kọ̀ǹpútà

Ní ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkejà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ ni ojúlówó sátífíkéètì rẹ̀. Kì í ṣe fọ́tókọ́pì o. Èyí tí ilé ẹ̀kọ́ fi òǹtẹ̀ lù gan-an ni. Wọ́n á kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù irin kan, wọ́n á tì í, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwa òṣìṣẹ́. Àlàyé wọn ni pé bí àwọn bá kọ́ ènìyàn níṣẹ́ tán, ilé iṣẹ́ míì ní Agége á wá fi owó díẹ̀ fà á lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ike là ń ṣe: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, àga oníke. Nítorí bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n gba ìwé tí bàbá mi ta ilẹ̀ kí n tó lè lọ kà.

Mo fọwọ́ sí i. Kí ni ǹ bá ṣe? Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba sílẹ̀ ni, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ayé á dẹrùn, ṣùgbọ́n ebi ò lè dúró de alágbádá kankan. Ọmọbìnrin mi ò tíì lè rìn dáadáa nígbà yẹn, bàbá ẹ̀ sì ti bá tiẹ̀ lọ. Mo gbé ọmọ fún ìyá mi ní Adó-Èkìtì, mo gba yàrá kan ní Abúlé Ẹ̀gbá, mo kọjú síṣẹ́. Nígbà tí ọmọ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ìyá mi ló ń pè ní Mọ́mì. Èmi ni Àǹtí Èkó. 

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní àwọn ń wá olùkọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi fi ìwé sílẹ̀, wọ́n sì pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Iṣẹ́ nílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi! Mo ka lẹ́tà náà lákàtúnkà. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí n mú ojúlówó sátífíkéètì mi lọ́wọ́ wá.

Mo tọ ọ̀gá wa tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, àgbàlagbà tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ fún ènìyàn pé rárá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò mi, bí mo bá mú tìẹ jáde, gbogbo fákítìrì ló máa tò síwájú mi lọ́la. Ìwọ náà rò ó wò." Mo rò ó wò lóòótọ́. Ohun tí mo rò nípa ẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ṣe é kọ síwèé.

Àṣé ọ̀nà máa là láti ibi tí n ò fọkàn sí. Iná ṣẹ́ yọ ní ilé iṣẹ́ kan tó wà nítòsí wa, gbogbo fáìlì ọ́fíìsì wọn jóná ráúráú. Ẹ̀rù ba ọ̀gá àgbà wa, ẹni tó ni ilé iṣẹ́. Ó pe ìpàdé, èmi ni mò ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀, nítorí náà etí mi gbọ́ ọ kedere. Ó ní kí a ya àwòrán gbogbo sátífíkéètì, kí a kó o sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì dá tẹlẹ́ni padà fún ẹlẹ́ni, torí òun ò fẹ́ kí ìwé ẹnikẹ́ni jóná sí òun lọ́rùn. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti nawọ́. Mo ní, "Màá ṣe é, sà." Gbogbo wọn yíjú wò mí. Inú mi ń dùn débi pé mo gbàgbé pé akọ̀wé lásán ni mo jẹ́ níbẹ̀.

Mo ti ní ṣíìtì kan lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn tábìlì gbọọrọ tí orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wà, oníkálukú lórí ìlà tirẹ̀. Ibi tí àwòrán máa sùn ni dátábéèsì, ilé ìkẹ́rù inú kọ̀ǹpútà, tí wọn kì í wá nǹkan tì níbẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí n máa fi ọwọ́ gbé wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ̀? Títí irun orí mi á fi funfun, tí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò á sì ti kọjá? Màkírò ni mo máa lò. Àṣẹ tí ènìyàn kọ sẹ́yìn ṣíìtì ni màkírò, tó jẹ́ pé bí o bá ti tẹ bọ́tìnì kan, kọ̀ǹpútà á máa dá iṣẹ́ ṣe: á ka ìlà kan, á wá àwòrán tí ìlà yẹn tọ́ka sí, á gbé e sínú dátábéèsì, á bọ́ sórí ìlà tó kàn. Mo ra ìwé àlòkù kan tó ṣàlàyé ẹ̀ ní òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkejà, níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà. Ibi tí mo nílò jù ló ti ya. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, mo pariwo lé e lórí títí ó fi pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó mọ̀ ọ́n, ìyẹn sì kọ ìyókù fún mi sẹ́yìn páálí.

Yàrá tí wọ́n fún mi ò ní fèrèsé. Nítorí pé sátífíkéètì gbogbo wa wà lórí tábìlì, ọ̀gá wa á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi láti ìta, ó ní nítorí ààbò ni. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí, mo gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ṣí i. Nígbà míì, ẹni tó máa ṣí i ti lọ jẹun. Màá jókòó, òógùn á máa ṣàn, tèmi náà á wà níbẹ̀ níwájú mi, orúkọ mi gàdàgbà lórí ẹ̀. Kò sí ohun tó ní kí n má ká a sínú aṣọ kí n máa lọ, àfi pé wọ́n máa ń yẹ báàgì wa wò ní géètì, ọlọ́pàá sì ni wọ́n máa ń pè fún ẹni tí wọ́n bá bá nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀.

Orúkọ ló kọ́kọ́ fẹ́ yà mí ní wèrè. Orúkọ ènìyàn ni mo ní kí màkírò fi máa wá àwòrán, mo wá rí i pé àwa ènìyàn yìí, a kì í jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ìyàwó ilé tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ nínú ṣíìtì, orúkọ bàbá ẹ̀ ló wà lórí sátífíkéètì. Ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájì, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ti fún un lórúkọ Bíbélì láti kékeré. Àwọn méjì wà tí orúkọ wọn bára mu délẹ̀, èkejì wọlé, ó gun ẹni àkọ́kọ́ lórí, tẹni àkọ́kọ́ bá pòórá. Mo bínú, mo kó orúkọ dànù, mo fi nọ́ńbà tó wà lórí káàdì oníkálukú rọ́pò ẹ̀. Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike máa ń gba ẹnu ilẹ̀kùn bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí Kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ẹ ti sọ gbogbo wa di nọ́ńbà bí ẹlẹ́wọ̀n." Mo dá a lóhùn látinú yàrá tí wọ́n tì mọ́ mi pé, "Bàbá, èwo ni tẹlẹ́wọ̀n? Ìtúsílẹ̀ yín ni mò ń tẹ̀ lọ́wọ́ yìí." Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà fún mi, ó lọ.

Ká tó sọ pé ó parí, wọ́n mú iná lọ láàárín iṣẹ́. Ẹ̀rọ inú fákítìrì ni jẹnẹrétọ̀ kọ́kọ́ máa ń bójú tó, ọ́fíìsì ló máa ń kẹ́yìn. Nígbà tí iná fi dé, dátábéèsì ti bàjẹ́, kò ṣí mọ́. Mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí mo sunkún tán, mo nu ojú, mo tún àṣẹ náà kọ: bí ìlà kan bá ti wọlé, kí màkírò fàmì sí i, kí iná tó bá tún lọ má lè dá mi padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù iná ò bà mí mọ́.

Ó parí lóòótọ́. Ọ̀gá àgbà fúnra ẹ̀ wá, ó tẹ nọ́ńbà kan, sátífíkéètì olúwarẹ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ òmíì, ìyẹn náà yọ. Ó lu tábìlì, ó ní, "Ọmọ yìí, orí rẹ pé o!" Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀gá wa ń pe ènìyàn, wọ́n ń gbà. Ẹ ò bá wo ayọ̀! Ẹlòmíì fẹnu ko tiẹ̀ lẹ́nu. Bàbá ìdí ẹ̀rọ yẹn gbá tiẹ̀ mọ́yà, ó ń jó nínú bàtà iṣẹ́, ó ń pariwo pé èmi ni kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi dúró títí gbogbo ènìyàn fi gbà tán, torí kò yẹ kí alásè kọ́kọ́ bu oúnjẹ. Nígbà tó kàn mí, kọ́bọ́ọ̀dù ti ṣófo.

Mo ní, "Tèmi ńkọ́, sà?"

Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá wa ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá àgbà ní kí n gbé tìẹ gòkè wá fún àwọn."

Mo gòkè. Ọ̀gá àgbà ní kí n jókòó, mi ò jókòó.

Ó ní, "Yàtọ̀ sí ìwọ, ta ló tún mọ nǹkan yìí lò níbí?"

"Kò sí, sà. Ṣùgbọ́n mo lè kọ́ ènìyàn."

"Ó dáa. A máa wá ẹni tí wàá kọ́."

"Nígbà wo, sà?"

"A máa wá a."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn yá mi, mo fi ọmọ mi búra pé màá dá a padà. Ó wò mí bíi pé ọ̀rọ̀ mi ò yé e. Ó ní, "Ṣé kò sí nínú kọ̀ǹpútà ni? Lọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ tèmi, mo yọ̀ǹda ẹ̀." Olúwa o, ó rò pé oore lòun ń ṣe mí!

Mo tẹ nọ́ńbà ara mi. Sátífíkéètì mi yọ, ó mọ́ tónítóní, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Òun ni mo gbé lọ sí Adó. Ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó fi ìka ra òǹtẹ̀ náà, ó fi hàn mí pé ó tẹ́jú, kò yọ sókè bíi ti ojúlówó, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Orijínà la kọ sínú lẹ́tà." Ìyá mi ti gbé ọmọ wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà rí báàgì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Àǹtí Èkó, ṣé ẹ ti ń lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, ó ṣe mí bíi kí n pa gbogbo ohun tó wà nínú dátábéèsì yẹn rẹ́. Mo ti gbé ọwọ́ lé e pàápàá. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á rẹ́, ṣé wọ́n á fún mi ní tèmi ni? Mo gbé ọwọ́ kúrò. Wọn ò wá ẹni tí màá kọ́. Mo béèrè títí ó fi sú èmi fúnra mi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. Wọn kì í gba ojúlówó mọ́. Èmi ni mò ń ya àwòrán, tí mo sì ń dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin kan wọlé, ó gbé tiẹ̀ fún mi, mo yà á, mo tẹ bọ́tìnì, ó wọlé. Mo dá a padà fún un. Ó fẹ́ ká a sí mẹ́rin kó ki í bọ àpò.

Mo jágbe mọ́ ọn, "Má ká a! Gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ lónìí. Má fi fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ ọ́ tó."

Ẹ̀rù bà á díẹ̀. Ó tún un tẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Ẹ̀yin náà ńkọ́, Àǹtí, ibo lẹ fi tiyín sí?"

Mo ní kó bá mi pe ẹni tó kàn wọlé.